Ìgbà Òtútù Tí Mo Ṣí Fèrèsé Ilé Ìlúwẹ̀ẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹwàá 2022

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn ikú mi kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Dókítà ló ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí Gotthard, ọkọ mi, ṣe ń rìn. Mo ní kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́. Ó ní èmi ni mo máa ń wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ni mo bá ra ìwé. Yúrò mẹ́ta àti ààbọ̀. Tẹ́lẹ̀, yúrò kan ni.

Lórí ilẹ̀, Gotthard kò lè rìn. Láti ìgbà tí apá òsì ara rẹ̀ ti rọ, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà. Nínú omi adágún ilé ìlúwẹ̀ẹ́, ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sinmi, ó sì padà. Mo di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Ó ní ẹsẹ̀ mi nínú omi rí bí ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń fa igi.

Bó ṣe rí nìyẹn. Lórí ilẹ̀, aláìsàn mi ni. Nínú omi, ọkọ mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ilé ìlúwẹ̀ẹ́, ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. A jókòó tàwa ti ẹ̀wù òtútù, nítorí àwọn náà ti pa ẹ̀rọ amúlégbóná wọn. Dorit Hempel, alága wa, ka iye tí ilé-iṣẹ́ gáàsì ń béèrè fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á, torí àwọn kan rò pé ó ṣì í kà. Ìjọba ìlú sì ti sọ tiwọn: bí gáàsì tí ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ń jẹ kò bá dín kù sí ìdajì kí Àjíǹde tó dé, wọn yóò tì í, wọn kì yóò ṣí i mọ́. Èyí tó tún wà nítòsí, bọ́ọ̀sì méjì ni a ó wọ̀ débẹ̀, èkejì kì í sì í gba kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

A dìbò. A ó fi gbogbo owó tí a ti ń dá jọ láti ọjọ́ yìí ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun tí yóò dín gáàsì kù.

Siegmar Drechsel, tó ni ilé ìlagi ní ìsàlẹ̀ odò, jókòó lẹ́yìn mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Irmtraud, ọjọ́ orí ti dé. Mú Gotthard lọ sí ilé àwọn arúgbó tó ní adágún tirẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sinmi."

N kò yíjú. Láti ọdún tí odò kún ló ti jẹ wá ní gbèsè igi, ó wá ń fún mi ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ dé. Ó tóbi tó ilé adìẹ. Oníṣẹ́-ẹ̀rọ tó bá a wá jẹ́ obìnrin, Wiebke Lohse, ará Kiel ní etí òkun. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lẹ́nu. Mo ń pè é ní "ẹ", bí a ṣe ń pe àlejò níbí, kó lè mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ó kó wa jọ sí etí adágún. Ó ní ẹ̀rọ náà dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́rùn àlejò tó ń jáde, tó sì ń wọ̀ ọ́ fún èyí tó ń wọlé. Afẹ́fẹ́ àlòkù á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún tuntun. Èyí yé mi. Ó ní alaalẹ́ ni kí a máa tẹ́ ìborí sórí omi. Èyí náà yé mi, ta ni kì í dé ìkòkò? Ó ní afẹ́fẹ́ inú ilé gbọ́dọ̀ gbóná ju omi lọ díẹ̀, nígbà gbogbo.

Ronny, ọ̀gá adágún wa, họ orí. "A fẹ́ dín gáàsì kù, ẹ wá ní ká mú ilé gbóná sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju omi lọ, omi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ṣe ló máa ń di èéfín tó ń fò lọ, ooru ló sì ń kó lọ. Ẹ ó máa dáná fún òkè àjà."

Ó wá sọ èyí tó kẹ́yìn. "Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí fèrèsé mọ́."

Ní ìlú yìí, ẹ lè ní kí ènìyàn má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò lè ní kó má ṣí fèrèsé.

Mo ní, "Ẹ tún un sọ."

"Ẹ má ṣí fèrèsé, Ìyáàfin Uhlig. Ẹ̀rọ yìí ń fa afẹ́fẹ́ jáde ju èyí tó ń tì wọlé lọ, kí ọ̀rinrin má bàa ráàyè wọ inú òrùlé. Bí fèrèsé bá ṣí, afẹ́fẹ́ òde á ya wọlé, ọ̀rinrin á sì wá ọ̀nà gba òkè."

"Ṣé ìyá yín wà láyé?"

"Ó wà."

"Ṣé ó ń ṣí fèrèsé láàárọ̀?"

"Ó ń ṣí i."

"Ẹ bá mi kí i."

Ronny rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sára ògiri ní lẹ́tà ńlá: FÈRÈSÉ WÀ NÍ TÍTÌ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣí fèrèsé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé yìí ni mo ti ń fọ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì, mo ṣì ń fọ̀ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí wà lọ́wọ́ mi. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀dà ti lẹ̀ wọ́n pa, wọn kò ṣí rí láti ìgbà tí wọ́n ti kùn wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni mo máa ń ṣí, gbogbo wọn gbayawu, láàárọ̀ kí àwọn ènìyàn tó dé. Ìyá mi ń ṣí fèrèsé nígbà ogun, tí kò sí èédú nílé. Ilé tí a kò ṣí fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀, ilé òkú ni.

Ronny rí mi. Mo ní, "Kí lò ń wò?" Ó ní, "N kò rí nǹkan kan, Ìyáàfin Uhlig." Ọmọ tí mo kọ́ láti nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé ni.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kọkànlá

Gotthard rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tún rìn lọ. Kò sinmi láàárín. Mo ra àkàrà òyìnbó fún un. Bọ́tà ti gbówó lórí tó fi jẹ́ pé ọmọbìnrin tó ń tà á ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi kó tó dárúkọ iye.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kọkànlá

Ibà. N kò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kọkànlá

Mo dìde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí n kò débẹ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pá mi. Mo ṣí gbogbo wọn. Ilé náà ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tó ṣì tutù. Tàbí imú mi ni, lẹ́yìn ibà. Ṣùgbọ́n mo ṣí wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kejìlá

Àwọn àtùpà Kérésìmesì ti wà lójú fèrèsé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń pa wọ́n nítorí iná mànàmáná. Yìnyín bo ojú ọ̀nà. Omi inú garawa tó wà lẹ́yìnkùlé dì títí dé ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kejìlá

Obìnrin Kiel padà wá. Gáàsì kò dín kù bó ṣe ṣèlérí. Ó dín, ṣùgbọ́n kékeré, Dorit sì ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n ta ẹ̀rọ gbàrọgùdù fún wa. Ó mú nǹkan kékeré kan tó ń rú èéfín lọ́wọ́, ó ń rìn kiri ilẹ̀kùn àti ògiri, ó ń wo ibi tí èéfín ń tẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ ti wọ inú.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ṣiṣẹ́ dáadáa. Àárín oṣù kọkànlá. Gáàsì já wálẹ̀ ju ìdajì lọ lọ́sẹ̀ náà, ó sì tún gòkè padà. N kò mọ ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ náà."

Ronny wo ilẹ̀. Èmi wo Ronny.

"Ṣé ẹnìkan ń ṣí fèrèsé?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ yín ni ẹ wá tún ṣe. Fèrèsé kò pe yín."

Ó wò mí títí. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Àárín oṣù kọkànlá ni ibà mú mi. Mo kọ ọ́ síbí, kì í ṣe pé ó túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kejìlá

Òtútù tó ń fọ́ òkúta. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé, èéfín dìde lójú omi bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò ànàmọ́. Ó gòkè, ó gòkè, ó wọ àjà lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé ó ń jáde lọ.

Gotthard sín nínú omi. Ó ní ọrùn òun tutù. Mo ní kó rìn, á gbóná.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kìíní 2023

Omi ń kán láti òkè. Ẹ̀kán kan, lẹ́yìn náà òmíràn, sórí àga ìgbafẹ́. Mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún Dorit pé ẹ̀rọ obìnrin yẹn ń jò. Dorit ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kìíní

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí n tó sùn.

A wà nínú omi, èmi àti Gotthard, ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí omi kò ti jìn. Ó ti rìn lọ, ó ń bọ̀. Mo gbọ́ ohùn kan lókè, bí ẹni ya aṣọ. Mo fa bẹ́líìtì rẹ̀ tagbára-tagbára sẹ́yìn. Pákó àjà kan já, òun àti irin tó so ó mọ́ òkè, ó bọ́ sínú omi níbi tí orí Gotthard wà tẹ́lẹ̀. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Omi inú rẹ̀ dà sórí wa bí ìgbà tí a fún kànrìnkàn. Ó tutù nini.

Gotthard gbé omi mì. Ronny fò sínú omi pẹ̀lú bàtà, ó gbé e jáde.

Gotthard wo òkè, ó wo ihò náà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Òrùlé mi."

Òun ló kàn án. Òun ni ọ̀gá káfíńtà nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí, ó yan igi kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti ilé náà pa kó tó di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kìíní

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ ilé wò ti gun òkè àjà, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní igi mẹ́rìnlá ló ti jẹrà. Obìnrin Kiel náà wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló pa òrùlé ọkọ mi.

Ó ní, "Ìyáàfin Uhlig, ẹ wá wò ó."

Dorit pariwo pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kò gbọdọ̀ gun àkàsọ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo gùn ún.

Òkè ṣókùnkùn, ó ń rùn. Rírùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo ń ṣí fèrèsé fún. Ó tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi ibẹ̀ gbẹ, wọ́n pupa dáadáa, mo rí àmì tí Gotthard fi pẹ́ńsùlù sí wọn lára, nọ́ńbà rẹ̀ tí ìrù wọn máa ń gùn. Lẹ́yìn náà ó tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Igi ibẹ̀ dúdú, wọ́n ti bu, nǹkan funfun bí irùngbọ̀n hù lára wọn. Mo fi ìka tì í. Ìka mi wọlé bí ìgbà tí ó wọ inú kéèkì.

Dúdú, pupa, dúdú, pupa. Òkè fèrèsé kọ̀ọ̀kan tí mo máa ń ṣí, dúdú. Ibi tí ògiri wà láàárín fèrèsé, igi ṣì le díẹ̀. Bí ẹni pé ẹnìkan fi fèrèsé mi ṣe òṣùwọ̀n.

Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, mo lè bá a jà. Ó kàn mú iná náà dúró kí n lè ríran, lẹ́yìn náà ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè di àkàsọ̀ mú fún mi.

Mo dé ìsàlẹ̀, mo ní orúnkún ń dùn mí, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kìíní

Ọbẹ̀ ẹ̀wà. Gotthard kò jẹ púpọ̀. Ó bi mí léèrè, "Ẹ̀gbẹ́ wo ló jẹrà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọgbà."

Ó fi síbí rẹ̀ yí inú abọ́ títí. "Ibi tí o máa ń ṣí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọrùn mi. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ òtútù yẹn lọ́rùn."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì lè rẹ́rìn-ín. "Irmtraud. Ta ló lè sọ nǹkan fún ọ?"

Mo fọ abọ́. Mo tún wọn fọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kìíní

Ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn ènìyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dorit ní kí ẹgbẹ́ pe obìnrin Kiel lẹ́jọ́, kí wọ́n sì gba owó ẹ̀rọ padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wiebke Lohse jókòó níwájú lóun nìkan, àwọn àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Drechsel ní òun ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ilé fún ará etí òkun tún ṣe, omi nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ti gbé ọ̀pá mi wá. Mo rìn lọ síwájú, mo fi í lélẹ̀ lórí tábìlì, ìkọ́ rẹ̀ kọjú sí Dorit.

Mo ní, "Èmi ni. Àràárọ̀, àfi ọ̀sẹ̀ tí ibà mú mi, ẹ sì mọ bí gáàsì ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin yìí kọ ọ́ sára ògiri fún mi ní lẹ́tà tó tóbi tó ti pátákó ojú ọ̀nà, mo sì mọ̀wé kà. Ẹ̀rọ rẹ̀ dára. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Àgbà òmùgọ̀." Mo mọ ohùn rẹ̀, n kò ní kọ orúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní adágún wa, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Dorit bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó bínú sí mi pé mo jẹ́ kí òun sọ gbogbo ohun tí òun sọ.

Ronny dìde. "Mo rí i. N kò sọ."

Mo ní, "Jókòó, ìwọ. Ta ló bi ọ́?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kejì

Obìnrin oníbúrẹ́dì kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé búrẹ́dì lé e, ó dárúkọ owó. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ àánú lórí búrẹ́dì.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kejì

Orúnkún Gotthard ti ń ká. Mo ń nà á fún un lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó ń dùn ún. Kì í pariwo, ó kàn máa ń ka orúkọ igi.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kejì

Kò lè na ẹsẹ̀ òsì tán mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kejì

Wiebke Lohse kan ilẹ̀kùn wa. Mo fún un ní kọfí. Ó bá Gotthard sọ̀rọ̀ nípa òrùlé, bí ẹni tó ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, inú ọkọ mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí pákó ti já. Wiebke ní ìjọba ìlú ti gba àkọsílẹ̀ gáàsì ọ̀sẹ̀ ibà mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà dára. Bí wọ́n bá pààrọ̀ igi mẹ́rìnlá náà kí Àjíǹde tó dé, tí gbogbo fèrèsé sì wà ní títì, wọn yóò ṣí ilé náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò wó o. Àwọn káfíńtà ìlú yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Gotthard ló kọ́ ìdajì wọn níṣẹ́. Igi ni kò sí. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mọ́, iye tí wọ́n sì ń ta igi lọ́dún yìí, ó ní òun kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

Gotthard ní, "Igi Lärche ni. Igi mìíràn á tún jẹrà níbẹ̀. Lärche tó ti gbẹ."

Wiebke ní, "Lärche gbígbẹ kò sí níbì kankan ní agbègbè yìí, àfi lọ́dọ̀ Drechsel. Ó kún ọgbà rẹ̀."

Gotthard wò mí. Mo wo kọfí mi.

Nígbà tó fẹ́ lọ, mo ní, "O lè máa pè mí ní Irmtraud." Etí rẹ̀ pupa. Ó ní, "Wiebke." Mo ní, "Mo mọ̀. Wọ ẹ̀wù rẹ dáadáa, òtútù wà níta."

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹta

Dorit lọ bá Drechsel. Ọkùnrin náà ní òun yóò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó igi jìn wọ́n, nítorí ìlú. Dorit ní ó ṣe bí ẹni tó ń fún ọmọ aláìníyàá ní ṣokoléètì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹta

Gotthard ṣubú nígbà tí mo ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́. N kò lè gbé e dìde. Èmi tí mo ń gbé garawa méjì pọ̀. A jókòó sílẹ̀ pọ̀ títí Ronny fi dé. Ó ń bọ̀ wá lójoojúmọ́ báyìí, n kò pè é.

Nígbà tí a wà nílẹ̀ yẹn, Gotthard ní, "Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"O mọ̀ ọ́n. Béèrè igi wa."

Mo ní mo ti sọ ọ́ lọ́dún tí odò kún, pé bí Drechsel kò bá rántí fúnra rẹ̀, n kò ní rán an létí láé. Ẹni tó bá lọ béèrè ti tẹrí ba.

Ó ní, "O ti tẹrí ba níwájú gbogbo ìlú, kò sì pa ọ́. Mo ń pàdánù ẹsẹ̀ mi, Irmtraud. Ìgbéraga rẹ ti jẹ òrùlé mi. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹsẹ̀ mi."

Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Àṣẹ ni.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹta

Yìnyín ń yọ́, ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀. Mo rìn lọ sí ilé ìlagi láàárọ̀. Drechsel kò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ní kí n wọlé mu kọfí, n kò wọlé. Mo fi ìwé sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀, mo fi òkúta lé e. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí, mo tún un kọ síbí kó má bàa sọ pé òun kò rí i:

Siegmar Drechsel. Lọ́dún tí odò kún, ògiri ilé ìlagi rẹ ń wó lọ. Gotthard kó igi Lärche tí a ti sá láti fi kan òrùlé ilé tiwa, ìtì mẹ́rìndínlógún, ó fi wọ́n gbé ògiri rẹ ró. O dúró nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, o di ọwọ́ rẹ̀ mú, o ní: igi fún igi. Mo wà níbẹ̀. Ilé ìlagi rẹ ṣì dúró. Òrùlé wa ṣì ń jò.

N kò fẹ́ owó rẹ, n kò fẹ́ kí o fi ìdá kankan jìn mí. Mẹ́rìnlá ni ilé ìlúwẹ̀ẹ́ nílò, méjì tó kù, gbé wọn wá sílé mi. Lärche, gbígbẹ, gígùn bíi ti ìgbà yẹn. Kó wọn wá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Igi wa ni. Dá a padà.